Ṣé Kí A So Wáyà Súìsì AC Pọ̀? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ lórí WhatsApp láàárín àwọn awakọ̀ Kàbbà: tí AC ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò tutù, kí ẹ yọ súìsì prẹ́ṣọ̀, kí ẹ so wáyà tó wọ inú rẹ̀ pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Iṣẹ́ wo ni súìsì náà ń ṣe?
Ó ń ṣọ́ prẹ́ṣọ̀ gáàsì inú páìpù AC. Tó bá lọ sílẹ̀ jù tàbí tó ga jù, á gé iná kọ̀mpurẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì kiri inú AC. Tí ẹ bá so wáyà rẹ̀ pọ̀, kò ní lè gé e mọ́.

Gáàsì ló tán. Kí ló kan kọ̀mpurẹ́sọ̀?
Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ọ̀nà tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń gbà yí ká kọ́ ni ti kọ̀mpurẹ́sọ̀. Gáàsì ló ń gbé ọ́ìlì rẹ̀ kiri. Bí gáàsì bá jò tán, ọ́ìlì á jókòó sínú páìpù, irin á máa ha irin ní gbígbẹ. Mo ti di ọ̀kan tí wọ́n tú mú lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Kàbbà. Inú rẹ̀ ti fá, ọ́ìlì tó kù dúdú bí ọ̀dà, ẹ̀rún irin sì ń dán nínú rẹ̀. Wọ́n ti so wáyà súìsì rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀rún irin yẹn ti wọ kọ̀ndẹ́ńsà (ibi iwájú ọkọ̀ tí gáàsì ti ń tutù) lọ, n lọlọ́kọ̀ bá ra méjèèjì.

Kí ló ń mú prẹ́ṣọ̀ ga jù?
Fáànù tí kò yí, gáàsì tí wọ́n rọ jù, tàbí eruku tó dí kọ̀ndẹ́ńsà. Ẹni tó bá ti tẹ̀lé tírélà lọ́nà Obajana nígbà ọyẹ́ mọ eruku tí mò ń wí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń lo R134a (oríṣi gáàsì AC kan), ó di nǹkan bí 400 psi (ìwọ̀n prẹ́ṣọ̀) tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí súìsì tó gé iná. Táyà ọkọ̀ kékeré kì í sábà ju 35 lọ. Ẹ wá ro ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí páìpù tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Ọkọ̀ tuntun ńkọ́?
Sẹ́ńsọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ní. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń gé iná.

Ṣé súìsì fúnra rẹ̀ kì í bàjẹ́?
Ó ń bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ fi géèjì wọn gáàsì. Tó bá pé tí kọ̀mpurẹ́sọ̀ kò sì mú, nígbà náà ni kí rewáyà wá yẹ súìsì wò. Tí kò bá pé, kí wọ́n wá ibi tó ń jò kí wọ́n tó rọ òmíràn.

Ṣé mo lè tú páìpù náà fúnra mi?
Rárá. R134a ń hó ní -26°C, ìyẹn ni pé ó tutù ju yìnyín lọ tó bá tú jáde. Tó bá tú sí yín lójú, ó lè fọ́ ojú náà.

Lọ́kọ́ja ni mò ń lọ lọ́la, AC ò sì ṣiṣẹ́.
Ẹ pa á, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ máa lọ.