Bí Ẹ̀ka Ilé Ìkàwé Tuntun Ṣe Ń Dé Àdúgbò, àti Ibi Tí Owó Rẹ̀ Ti Ń Wá

Kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ ẹ̀ka ilé ìkàwé tuntun ní àdúgbò kan, ètò rẹ̀ ti sábà máa ń wà nílẹ̀ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Àwọn alábòójútó ilé ìkàwé ìlú yóò kọ́kọ́ wo iye ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀, bóyá wọ́n ń pọ̀ sí i, ọjọ́ orí wọn, èdè tí wọ́n ń kà, àti bí ilé ìkàwé tó sún mọ́ wọn jù ti jìnnà tó. Ọ̀rọ̀ ìjìnnà yìí kọjá iye kìlómítà, nítorí pé títì márosẹ̀ kan tí ọmọdé kò lè dá kọjá ti tó láti sọ ilé ìkàwé ìtòsí di ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè dé. Ìpàdé pẹ̀lú ará àdúgbò yóò tẹ̀ lé e. Ẹni tó ti fẹ́ràn ilé ìkàwé tẹ́lẹ̀ ló sì máa ń pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí a lọ bá àwọn yòókù ní ilé ẹ̀kọ́, ní ọjà àti ní ibùdókọ̀.

Ohun tí wọ́n bá gbọ́ ni wọn yóò fi kọ ìwé ètò, tí yóò sọ ohun tí a óò máa ṣe nínú ilé náà àti bí àyè ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ti tóbi tó. Ìwé yìí ló yẹ kó ṣáájú àwòrán ilé.

Owó ni ọ̀rọ̀ ti le jù, nítorí pé oríṣi méjì ni: owó ìkọ́lé tí a ń ná lẹ́ẹ̀kan, àti owó tí a ó fi máa gbé ilé náà ró lọ́dọọdún. Láti rí ti àkọ́kọ́, ìjọba ìlú lè yá owó lọ́wọ́ àwọn olùdókòwò, kí ó sì fi owó-orí san án padà láàárín 20 sí 30 ọdún. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà, ará ìlú gbọ́dọ̀ dìbò fọwọ́ sí irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ lè ṣèrànwọ́, àwọn ọlọ́rẹ náà sì wà. Ṣùgbọ́n owó oṣù òṣìṣẹ́, tó sábà máa ń gba ìpín tó pọ̀ jù nínú ìnáwó ọdọọdún, iná mànàmáná, ìwé tuntun àti àtúnṣe, inú ìṣúná ọdọọdún ìlú ni wọ́n ti ń wá, a kì í sì í sábà gbà kí a fi owó ẹ̀yáwó ìkọ́lé san wọ́n. Olówó fẹ́ràn láti kọ́lé, nítorí pé wọ́n lè kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri. Kò sí ẹni tí wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sára bíìlì iná.

Andrew Carnegie, olówó Amẹ́ríkà ayé àtijọ́ tó fi iṣẹ́ irin là, mọ èyí. Owó rẹ̀ kọ́ ilé ìkàwé 2,509, tí 1,689 nínú wọn wà ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ohun tó sábà máa ń béèrè ni pé kí ìlú pèsè ilẹ̀, kí ó sì ṣèlérí láti máa ná ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́wàá owó náà lórí ilé ìkàwé lọ́dọọdún. Ìlú tó gba 20,000 dọ́là yóò máa wá 2,000 dọ́là lọ́dún, títí lọ. Òfin England ti ọdún 1850 tiẹ̀ ti fi ara gbá irú ìṣòro yìí rí: ó gba àwọn ìlú láyè láti fi owó-orí ṣe ilé ìkàwé, ṣùgbọ́n kò gbà kí wọ́n fi ra ìwé, títí di ọdún 1855 tí wọ́n yí i padà.

Àwọn ìlú kan ń fi ilé ìtajà àtijọ́ ṣe ẹ̀ka láti dín owó kù. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ìwé wúwo: ìlànà ìkọ́lé Amẹ́ríkà ń fẹ́ kí ilẹ̀ tí pẹpẹ ìwé máa dúró lé lè gbé ìlọ́po mẹ́ta ìwúwo tí ti ọ́fíìsì ń gbé, fífún ilẹ̀ inú ilé náà lókun sì lè jẹ gbogbo owó tí wọ́n rò pé àwọn fi pamọ́.

Bí àwọn agbaṣẹ́ṣe ṣe ń kọ́lé lọ́wọ́ ni ó yẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ti máa ra ìwé àkọ́kọ́, kí wọ́n máa kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀, kí wọ́n sì máa lẹ àmì mọ́ ọn. Bí ọjọ́ ìṣíde bá sún síwájú, ibi ìpamọ́ tí wọ́n háyà fún àwọn ìwé wọ̀nyí yóò máa gba owó lóṣooṣù, nítorí náà ó yẹ kí owó pàjáwìrì ti wà nínú ètò ìnáwó láti ìbẹ̀rẹ̀.