Bí a ṣe ń ka ògiri oore òbí ní Baodingshan

Ère tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta ló wà ní Baodingshan, ní Dazu lábẹ́ Chongqing ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà. Abala 15 nínú wọn ń sọ oore tí òbí ń ṣe fún ọmọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń kà á láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Àṣìkà gbáà ni. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan á kọ́kọ́ bá ọmọ tó ń dágbére ìrìn àjò, kó tó dé ibi tí ìyá ti lóyún rẹ̀.

Àárín ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Tọkọtaya kan wà níbẹ̀, wọ́n ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Búdà. Láti ibẹ̀ ni oore mẹ́wàá tí òbí ń ṣe ti pín sí méjì: 1, 3, 5, 7 àti 9 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan; 2, 4, 6, 8 àti 10 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ojú á máa lọ, á máa bọ̀ bí ọkọ̀ lọ́wọ́ ahunṣọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ju ọkọ̀ yìí ni aṣọ ń fẹ̀ sí i. Oyún dojú kọ ìrọbí, ibùsùn tútù dojú kọ ọmú. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà ló ń jìnnà sí àárín, ìyẹn gan-an sì ni ọgbọ́n ògiri náà: ọ̀nà tí ojú ń rìn ni ọjọ́ orí ọmọ.

Ní ìkarùn-ún, ìyá fi ibi gbígbẹ sílẹ̀ fún ọmọ, ó sùn sí ibi tútù; oorun ń kùn ún, síbẹ̀ ó gbé ọmọ dání kó lè tọ̀. Ìkẹjọ ló yẹ kéèyàn dúró tì pẹ́. Wọ́n fẹ́ pa ẹlẹ́dẹ̀ fún ìgbéyàwó ọmọ. Ẹ̀ṣẹ̀ ni pípa ẹran nínú ẹ̀sìn Búdà. Àwọn agbẹ́kùúta mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kà á mọ́ oore, torí pé òbí ló fi ọrùn ara rẹ̀ gbé ẹ̀ṣẹ̀ náà nítorí ọmọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbẹ́ sí ìkẹwàá ní òbí ẹni 100 ọdún ṣì ń ṣàníyàn ọmọ ẹni 80 ọdún.

Nísàlẹ̀ ni ọ̀run àpáàdì wà fún ọmọ aláìmoore. Ìhàlẹ̀ yẹn kò wọni lára tó ibùsùn tútù.

Zhao Zhifeng, mọ́ńkì tó darí iṣẹ́ náà láàárín bíi 1174 sí 1252, mọ ẹ̀sùn tí àwọn ọmọlẹ́yìn Confucius, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Ṣáínà, ń fi kan mọ́ńkì, pé wọ́n ń kọ ilé òbí sílẹ̀. Abala 17 fèsì: Búdà fúnra rẹ̀ ń gbé pósí bàbá rẹ̀.

Òkúta oníyanrìn ni ògiri náà. Ó rọrùn láti gbẹ́, ṣùgbọ́n ó ń fa omi. Àpáta tó yọ síta lókè ń gba òjò bí òrùlé. Ṣùgbọ́n kò lè dá omi tó ń sun láti inú òkè dúró. Tó bá dé ojú òkúta, òkúta á rọ̀, á máa bó bí èèpo. Lẹ́tà tí kò jinlẹ̀ kì í pẹ́ parẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni lẹ́tà wọ̀nyẹn ló ń sọ èwo ni ìkíní, èwo ni ìkejì.