Bí owó nọ́sìrì, iléèwé àti ọmọ tuntun ṣe ń lọ fún ìdílé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jápa dé England

Nǹkan méjì ló ń pinnu iye tí ìdílé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé England máa ná lórí ọmọ: ọjọ́ orí ọmọ yẹn àti ohun tó wà lára físà òbí ẹ̀. (Scotland, Wales àti Northern Ireland ní ètò tiwọn lọ́tọ̀.) Ẹni tó bá wá pẹ̀lú físà iṣẹ́, "No recourse to public funds" ló máa wà lára ẹ̀, ìyẹn ni pé owó ìrànwọ́ ìjọba (public funds) bíi Child Benefit, Universal Credit àti irú wọn ò kàn án, kò sì gbọdọ̀ béèrè fún wọn torí ó lè ba pálí ẹ̀ jẹ́ lọ́la. Àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn wá ń rò pé kò sí nǹkan kan tó tọ́ sáwọn rárá, wọ́n á máa sanwó ohun tó yẹ kí wọ́n gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì máa ń dunni. Iléèwé ìjọba ò sí lára public funds, wákàtí nọ́sìrì ọ̀fẹ́ ti ọmọ ọdún 3 ò sí lára ẹ̀, owó ìsinmi ìbímọ náà ò sí lára ẹ̀.

Ibi tó le jù ni kí ọmọ tó pé ọdún 3. Láti September 2025, àwọn òbí tó ń ṣiṣẹ́ lè gba wákàtí nọ́sìrì ọ̀fẹ́ 30 lọ́sẹ̀ látìgbà tọ́mọ bá ti pé oṣù 9, ṣùgbọ́n tí ìyá àti bàbá bá jọ wà lórí No recourse, kò sí tiwọn níbẹ̀, Tax-Free Childcare, ìyẹn owó tí ìjọba fi ń ran òbí lọ́wọ́ lórí owó nọ́sìrì, náà ò sí. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ti ní pálí tó gba public funds láàyè, ìyẹn ti yàtọ̀. Nọ́sìrì ọmọ kékeré fún gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ lè wọ £1,500 lóṣù ní London, dípọ́sítì sì tún lè wà níwájú, torí náà owó oṣù ẹnì kan lè wọlé kó gba ibẹ̀ jáde. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ tọkọtaya fi ń pín ṣíìfù, ẹnì kan á lọ lọ́sàn-án ẹnì kejì á lọ lóru, àmọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ò lè máa fi ojú oorun ṣọ́ ọmọ ọdún kan, ewu ni. Kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n kọ́kọ́ bi council (ìjọba ìbílẹ̀) bóyá ọmọ náà á lè gba wákàtí 15 tó bá pé ọdún 2. Ìdílé No recourse tó ní ọmọ kan lè gbà á tí owó tó ń wọlé lẹ́yìn táàsì ò bá ju £26,500 lọ́dún, £34,500 tó bá jẹ́ London, tí owó ìpamọ́ wọn ò sì ju £16,000.

Fífi ọmọ síbi àǹtí ṣọ́ọ̀ṣì kó máa gba owó táṣẹ́rẹ́, òfin wà lórí ìyẹn. Ẹni tó bá ń gbowó tọ́jú ọmọ tí ò tíì pé ọdún 8 nínú ilé ara ẹ̀, tó ju wákàtí 2 lọ lójúmọ́, ó gbọdọ̀ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi childminder. Ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí ò sí nínú èyí, àmọ́ àǹtí ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe ẹbí lójú òfin. Ìyá àgbà tó bá fi físà àbẹ̀wò wá wẹ ọmọ lè lo oṣù 6, kò sì sóhun tó burú nínú kó ran ọlọ́mọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ sọ ọ́ di iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ. Kí wọ́n ra íńṣọ́ránsì fún màmá o, torí tí àìsàn bá dé, ọsibítù lè bu 150% iye owó ìtọ́jú fún wọn.

Tí ọmọ bá pé ọdún 3, wákàtí 15 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 38 lọ́dún di tiẹ̀, ohun yòówù kí físà sọ. Kì í ṣe ọjọ́ ìbí gan-an ló ń bẹ̀rẹ̀, táàmù tó tẹ̀ lé e ni. Ọmọ tí wọ́n bí ní 30 August á bẹ̀rẹ̀ ní September, èyí tí wọ́n bí ní 2 September á dúró di January. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mélòó kan yìí tún ń bẹ nílé ìwé, torí September tó tẹ̀ lé ọjọ́ ìbí kẹrin lọmọ ń wọ Reception (kíláàsì àkọ́kọ́ níléèwé), ọmọ August á ti wọlé, ọmọ September á ṣì lo ọdún kan sí i ní nọ́sìrì, owó rẹpẹtẹ nìyẹn. Ẹni tó bá ń ṣètò ìrìn-àjò, kó ti fi oṣù tí wọ́n bí ọmọ ṣírò ẹ̀ kó tó kúrò nílé.

Fọ́ọ̀mù Reception ń parí ní 15 January, ti sẹ́kọ́ńdìrì ní 31 October ọdún tó ṣáájú. Ẹni tó dé láàárín ọdún á béèrè lọ́wọ́ council iléèwé tó ní àyè, kò sì dájú pé èyí tó wà nítòsí ilé ni wọ́n á rí. Kò sí school fees, oúnjẹ ọ̀sán náà ọ̀fẹ́ ni láti Reception dé Year 2, ní London ó dé Year 6. Àmọ́ nǹkan bí aago mẹ́ta kọjá ni wọ́n ń jáde, after-school club owó ni, ìsinmi ọdún kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ 13.

Ní ti oyún, owó IHS tí wọ́n ti san mọ́ físà (owó ìlera tó ń jẹ́ kéèyàn lè lo NHS, ètò ìlera ìjọba), £1,035 lọ́dún fún àgbà, ti kárí midwife, ìbímọ, títí kan iṣẹ́ abẹ. Oògùn àti dẹ́ńtíìsì NHS tún jẹ́ ọ̀fẹ́ látinú oyún dé oṣù 12 lẹ́yìn ìbímọ, ó kàn ní kí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí ẹ̀. Níbi iṣẹ́, obìnrin tó bá ti lo ọ̀sẹ̀ 26 lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà kó tó ku ọ̀sẹ̀ 15 sí ọjọ́ ìbímọ, tí owó ẹ̀ sì tó iye tí wọ́n là sílẹ̀, á gba 90% owó ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6, lẹ́yìn náà £187.18 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 33 (iye ọdún 2025 sí 2026 nìyẹn), tàbí 90% tí ìyẹn bá kéré jù ú lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́ lè má rí i gbà, kó wo Maternity Allowance, owó tí ìjọba ń san fún aláboyún tí ò rí ti ibi iṣẹ́ gbà.

Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ò di ọmọ onílùú tí ìyá àti bàbá bá ṣì wà lórí físà iṣẹ́. Wọ́n á forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 42, NHS á tọ́jú ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún oṣù 3 àkọ́kọ́, torí náà kí wọ́n ti béèrè físà tiẹ̀ kí oṣù 3 yẹn tó pé. Owó fọ́ọ̀mù wà, IHS ọmọdé sì jẹ́ £776 lọ́dún, tó bá ku ọdún 3 lórí físà òbí, £2,328 nìyẹn lójú ẹsẹ̀, àfi àwọn tó wà lórí físà Health and Care (ti òṣìṣẹ́ ìlera) ni wọn ò ní san án.