Oògùn Egbò Ìfun Ńlá: Iṣẹ́ Tó Ń Ṣe Nínú Ara àti Ibi Tí Ewu Rẹ̀ Ti Ń Wá

Bí èèyàn bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ fún un ni pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, kó yéé jẹ nǹkan dídùn, kó wá àgbo mu. Bó bá dé kẹ́míìsì, wọ́n á ní ọ̀rìn ni, wọ́n á kó Flagyl fún un. Ọ̀rìn náà sì lè jẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ìgbẹ́ ń jí i dìde lóru, tó sáré dé ilé ìyàgbẹ́ tán tó jẹ́ ikun àti ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló jáde, ó lè jẹ́ egbò ìfun ńlá tí àwọn dókítà ń pè ní ulcerative colitis.

Àìsàn yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń kó lára ẹlòmíì. Àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kó máa bá kòkòrò jà, ló kọjú ìjà sí awọ inú ìfun ńlá. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá, lókè ihò ìdí, á sì máa ràn lọ sókè láì fo ibì kan. Iṣẹ́ oògùn rẹ̀ ni kó pẹ̀tù sí ìjà yìí, kó má sì jẹ́ kó tún bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ewu rẹ̀ ti ń wá, torí ọmọ ogun tí a so lọ́wọ́ nítorí ìfun kò ní lè dìde dáadáa nígbà tí ikọ́ ẹ̀gbẹ bá dé.

Sulfasalazine ló ti pẹ́ jù. Dókítà Nanna Svartz ní Sweden ló bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní nǹkan bí 1940, oríkèé ríro ló sì ń wá oògùn fún. Nǹkan méjì tí a so pọ̀ ni: sulfa, ìyẹn irú oògùn tó ń bá bakitéríà jà, àti mesalazine. Ìfun kékeré kò lè tú ìso náà, torí náà púpọ̀ nínú rẹ̀ á kọjá lódidi dé ìfun ńlá, níbi tí àwọn bakitéríà tó ń gbé ibẹ̀ á ti tú u. Ní 1977, Azad Khan àti Truelove ní Oxford ya méjèèjì sọ́tọ̀, wọ́n ń rọ ọ́ sí àwọn aláìsàn nídìí. Mesalazine ló wo egbò náà sàn. Sulfa kàn ń gbé e débẹ̀ ni.

Ẹni tó ń gbé ẹrù yìí ló sì ń dá wàhálà tó pọ̀ jù sílẹ̀. Ó ń fa orí fífọ́ àti èébì, ó sì máa ń dín àtọ̀ ọkùnrin kù, èyí tó máa ń padà bọ̀ sípò ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá dá a dúró. Ẹni tí ara rẹ̀ ti kọ Septrin tàbí Fansidar, tí àwọn náà ní sulfa nínú, rí gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà. Àìtó G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀, àbùkù àjogúnbá tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọkùnrin ilẹ̀ wa, náà ń kọ́? Bí sulfa bá bá irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa lè máa fọ́. Ìtọ̀ tó pọ́n bí ọsàn kò léwu, bí oògùn náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ìtọ̀ tó dúdú bíi Coke, tí ẹyinjú sì di yẹ́lò, ilé ìwòsàn ni kí a sáré gbà lọ. Mesalazine nìkan, láìsí sulfa, tu ara lára púpọ̀, àmọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó máa ń ba kíndìnrín jẹ́ láì ro èèyàn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè tú u fó.

Bí egbò bá gbóná janjan, prednisolone, ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí à ń pè ní steroid, ni wọ́n máa ń lò. Láti 1955, tí Truelove àti Witts fi cortisone wé oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, la ti mọ̀ pé ìdílé oògùn yìí ń yára paná. Kì í ṣe oògùn à-ń-lò-títí o. Ó ń mú kí ojú wú, ó ń gbé ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó ń jẹ eegun. Bí a bá sì ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ara á dẹ́kun ṣíṣe steroid tirẹ̀. Ẹni tó bá dá a dúró lójijì lè dákú. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń dín in kù. Nílẹ̀ olóoru bíi tiwa, ó yẹ kí a yẹ ìgbẹ́ wò ṣáájú, torí aràn Strongyloides tó ti ń gbé jẹ́ẹ́ nínú èèyàn láti ọjọ́ pípẹ́ lè pọ̀ lójijì, kó sì kún ẹ̀dọ̀fóró, bí steroid bá ti so ọmọ ogun ara lọ́wọ́. Ọ̀rìn tí a ṣì pè ní egbò yìí náà lè di ikú pẹ̀lú prednisolone.

Azathioprine, oògùn mìíràn tó ń so ọmọ ogun ara lọ́wọ́, ló máa ń gba ipò prednisolone. Ó máa ń tó oṣù méjì sí mẹ́ta kí agbára rẹ̀ tó hàn, ó sì lè fa sẹ́ẹ̀lì funfun ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi ń pọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń lo allopurinol fún gout gbọ́dọ̀ wí: oògùn yẹn kì í jẹ́ kí ara rí azathioprine túká, ìwọ̀n tó dára fún ẹlòmíì á wá di májèlé. Infliximab, oògùn tí a ń fà sára láti inú iṣan, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àìsàn yìí ní 2005, lè jí ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B tó ń sùn dìde. A kì í fà á sára láì yẹ méjèèjì wò. Tofacitinib, oògùn oníhóró tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún un ní 2018, lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan.

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí da oògùn nù. Egbò tí a fi sílẹ̀ á máa fa ẹ̀jẹ̀ tán lára, ó sì lè di jẹjẹrẹ ìfun, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ki kámẹ́rà bọ ìfun láti wò ó lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́jọ. Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń lo azathioprine tàbí infliximab má ṣe ni kí ara rẹ̀ gbóná, kó ní ibà lásán ni, kó lọ ra oògùn ibà mu, kó sùn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kó lọ kí wọ́n ka sẹ́ẹ̀lì funfun ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kó sì mú páálí oògùn náà dání.