Mìlímítà kò yé bíríkìlà, búlọ́ọ̀kù ló yé e

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ti àdúgbò kan bọ́ sí òmíràn ní Ìbàdàn, kí n máa kìlọ̀ omíyalé fún àwọn tó ń gbé létí odò. Nípàdé àwọn onílé kan, mo sọ fún wọn pé òjò ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, èyí tó gba ẹ̀mí èèyàn tó lé ní 100, jẹ́ 187.5 mìlímítà. Wọ́n kàn ń wò mí. Bíríkìlà kan ló nawọ́: "Ẹ̀gbọ́n, íńṣì mélòó nìyẹn?"

Mo ní ó lé ní méje. Ó wo búlọ́ọ̀kù tó jókòó lé, èyí tí gíga rẹ̀ jẹ́ íńṣì mẹ́sàn-án, ó fi ọwọ́ wọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ilẹ̀. "Háà! Ó kù díẹ̀ kó ga tó búlọ́ọ̀kù!" Gbogbo ilé bú sáriwo. Ibẹ̀ la ti jọ ṣírò ọ̀rọ̀ náà: irú òjò yẹn lórí pulọ́ọ̀tì kan, 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120, á kún kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 bíi 5,000. Omi náà kò sì ní dúró síbẹ̀. Páànù, ọ̀dà títì àti àgbàlá tí a fi símẹ́ǹtì bò ni yóò máa tì í lọ sísàlẹ̀, ẹni tó wà létí odò ni yóò gba kẹ́ẹ̀gì gbogbo ará òkè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ń wọn nǹkan lójoojúmọ́ ni kí ẹ fi bá a sọ̀rọ̀. Ìyá kan lọ́jà bínú sí mi pé wọ́n ní òjò á rọ̀, òun kò pàtẹ, òjò kò sì rọ̀. Ó jàre. Mo ní, "Ìyá, bí èèyàn mẹ́wàá bá gba ọjà àwìn lọ́wọ́ yín, tí ẹ sì mọ̀ wọ́n dáadáa, ẹ lè sọ pé méje á san. Bí wọ́n bá ní òjò á rọ̀, 70 nínú 100, bó ṣe rí nìyẹn." Ó yé e kíá. Ṣùgbọ́n kí òjò tó rọ̀ ló yẹ kí a ti sọ ọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, àwáwí ló ń jọ.

Fún àwọn àgbà, n kì í fi "ìyípadà ojú ọjọ́" bẹ̀rẹ̀. Létí wọn, oòrùn òwúrọ̀ tó di òjò ọ̀sán ni. Mo máa ń bi wọ́n pé oṣù wo ni wọ́n ń gbin àgbàdo nígbà èwe wọn, àti pé níbo ni omi dé lọ́jọ́ tí odò Ògùnpa ya, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Bàbá kan mú mi dé ara ògiri, ó gbé ọwọ́ lé e ní ọ̀gangan àyà rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti ń gbé inú ilé náà láti kékeré kò mọ̀ rí. Bí wọ́n bá ní Ọlọ́run ló ni òjò, n kì í jiyàn. Mo máa ń béèrè ẹni tó da pàǹtí sódò.

Ìwé ojú kan ti tó fún àwọn aláṣẹ: ibi tó léwu, iye owó, àsìkò.

Ní ti ìkìlọ̀ orí WhatsApp, ẹ fi ohùn ẹni tí àdúgbò mọ̀ sọ ọ́, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ: "Òjò ńlá lè rọ̀ lálẹ́ òní. Ẹ̀yin ará etí odò, ẹ kó àwọn ọmọdé lọ sókè kó tó di agogo mẹ́jọ. Bí omi bá ti bo afárá, ẹ má fi ẹsẹ̀ gbà á, ẹ má wa mọ́tò gbà á."