Ọgbà, igbó àti aró nínú káàǹpù kan ṣoṣo: ìdáhùn sí ìbéèrè àwọn òbí

Bí oṣù Keje bá ti ń parí lọ, tí iléèwé fẹ́ gba họlidé ọlọ́jọ́ gbọọrọ, àwọn òbí máa ń dá mi dúró lọ́nà níbí ní Ìbàdàn. Wọ́n mọ sọ́mà lẹ́sìnnì, ìyẹn kò rú ẹnikẹ́ni lójú. Káàǹpù tiwa ló ń rú wọn lójú, níbi tí ọmọ ti ń gbin ẹ̀fọ́ láàárọ̀, tó ń lọ wo ẹyẹ, tó sì ń pa aṣọ láró lọ́sàn-án. Mo kó ìbéèrè wọn jọ síbí.

Oko tí bàbá mi sá kúrò nídìí rẹ̀, òun náà ni kí n tún sanwó kí ọmọ mi lọ máa ro?

Ìyá kan ló bi mí bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kò sì bí mi nínú, torí oko fi ojú ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa rí màbo. Ṣùgbọ́n ebè méjì tí ọmọ ọdún mẹ́jọ ń tọ́jú kì í ṣe oko àroje. Ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1837, ará Jámánì kan, Friedrich Froebel, dá iléèwé kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké. Nígbà tó di 1840, ó sọ ọ́ ní Kindergarten, ìyẹn ọgbà àwọn ọmọdé. Ó fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ebè tirẹ̀, kó sì tún máa ká bébà, kó máa fi amọ̀ mọ nǹkan. Ibẹ̀ ni jẹ́lé-ó-sinmi tiwa ti wá. Ọgbà ló bọ́ sọnù lójú ọ̀nà.

Ó dáa, ọgbà yé mi. Kí ló wá kàn án pẹ̀lú iṣẹ́ ọnà?

Ta ni kò tíì ṣe àmín sí àdúrà yìí níbi ìkómọ: agbe ló laró, kì í ráhùn aró, àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn, lékèélékèé ló lẹfun, kì í ráhùn ẹfun? Ẹ bi ọmọ yín léèrè ohun tí agbe jẹ́. Ẹyẹ ni. Ara ewé ni aró ti ń wá, ara igi ni osùn ti ń wá, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wa ẹfun. Àwọn tó ṣe àdúrà náà ti wo igbó dáadáa kí wọ́n tó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. (Bàbà gidi wà nínú àwọ̀ pupa tó wà ní apá àlùkò. Mo fẹ́ràn kí n máa sọ èyí fún àwọn ọmọ.)

Ẹ jẹ́ kí n mú èlú, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró. Wọ́n á gún ewé rẹ̀ tútù nínú odó, wọ́n á mọ ọ́n ní ìṣù róbótó, wọ́n á sá a gbẹ. Aláró á sẹ́ omi eérú sínú ìkòkò, á kó ìṣù èlú sí i, á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó kan. Bí wọ́n bá wá fa aṣọ jáde nínú rẹ̀, kì í dúdú. Àwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pọ́n ló máa ń ní. Ọmọbìnrin kan rí i bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ rọ̀, ó ní òun ti ba aṣọ òun jẹ́. Mo ní kó gbé e sókè sí atẹ́gùn. Etí aṣọ ló kọ́kọ́ yí padà, lẹ́yìn náà àárín, títí gbogbo rẹ̀ fi di aró. Igbe tó ké, àwọn tó wà nídìí ẹ̀fọ́ sáré wá.

Ohun tó fà á nìyí: bí èlú ṣe ń kan nínú ìkòkò, ọ́síjìn inú omi á tán, àwọ̀ náà á sì lè yòrò, á wọ inú òwú. Tí atẹ́gùn bá tún fẹ́ sí i, ọ́síjìn á dá a padà sí aró tí kì í yòrò nínú omi. Inú òwú ló há sí, ìdí nìyẹn tí kì í fi í bọ́ bọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré, kí ló lè hù kí ọmọ rí i kórè?

Tẹ̀tẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin tó o. A kì í gbin àgbàdo, torí bí oṣù mẹ́ta ló ń gbà, ọmọ á ti padà síléèwé. Hóró tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀, nítorí náà a máa ń pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ ká tó fọ́n ọn, kó má baà hù jọ sójú kan. Ti ewédú ló máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu jù: àgbàlagbà á ta omi gbígbóná sí hóró rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, torí èèpo rẹ̀ le, omi tútù kì í tètè wọ̀ ọ́. Òjò a sì máa dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, nítorí náà àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń pọn omi.

Ṣé aró kò léwu fún ọmọ?

Ó léwu, mi ò ní tan yín. Ọ̀pọ̀ aláró òde òní ń lo sódà tó máa ń jó ara, omi eérú náà sì máa ń ta ni lọ́wọ́. Ẹ bi káàǹpù yòówù tí ẹ bá fẹ́ mú ọmọ lọ nípa ohun tó wà nínú ìkòkò wọn, àti ẹni tó ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Lọ́dọ̀ wa, àgbàlagbà tó wọ ìbọ̀wọ́ ló ń rẹ aṣọ. Ọmọ ló ń fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún ya ọnà sára rẹ̀, kí aró má baà mú ibẹ̀. Omi sóbò là ń fún àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá: wọ́n á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á pupa fòò, wọ́n á kán omi ọṣẹ sí òmíràn, á máa lọ sí àwọ̀ ewé.

Kí lọmọ máa mú wá?

Fìlà, ìgò omi, àti aṣọ funfun àtijọ́ kan tó jẹ́ òwú gidi. Pọlisítà kì í gba èlú, ọmọ á kàn sunkún lásán.