Bí Ẹgbẹ́ Jáàsì Kan ní Lọ́ńdọ̀nù Ṣe Ń Sọ Ọmọ Àdúgbò Di Olórin

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ẹgbẹ́ olórin Ezra Collective gba Mercury Prize, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún àwo orin tó ta yọ jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland lọ́dọọdún. Láti ọdún 1992 tí ẹ̀bùn náà ti wà, ẹgbẹ́ jáàsì kankan kò gbà á rí ṣáájú wọn. Femi Koleoso ló ń lùlù nínú ẹgbẹ́ yìí, TJ àbúrò rẹ̀ ló ń ta béèsì, Ife Ogunjobi ló ń fọn trọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ wọn ti mọ ilé tí wọ́n ti jáde. Ilé kejì tún wà: ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Tomorrow's Warriors. Ibẹ̀ ni Ezra Collective ti bẹ̀rẹ̀ ní 2012.

Gary Crosby àti Janine Irons ló dá ètò náà sílẹ̀ ní 1991. Ọmọ Jàmáíkà tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù ni Crosby. Béèsì gọgọrọ ló ń ta, èyí tí wọ́n ń gbé nàró bí ẹni gbá ènìyàn mọ́ra. Ó ti wà nínú Jazz Warriors, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú tí òkìkí wọn kàn ní Lọ́ńdọ̀nù kí ọdún 1990 tó dé. Orúkọ tí wọ́n fún ètò tuntun náà sọ ohun tí wọ́n ń wá: àwọn jagunjagun ti ọ̀la, àwọn tí yóò gbapò nígbà tí àwọn ti òní bá rẹ̀.

Wíwá arọ́pò yìí kò rọrùn. Ọwọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní New Orleans, ní Amẹ́ríkà, ni jáàsì ti jáde, àmọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó ló ń là ọ̀nà fún ọmọ tó bá fẹ́ dé orí ìtàgé: owó fèrè, owó olùkọ́ tí wọ́n ń san ní wákàtí-wákàtí, owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ orin. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì, tí ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìwòsàn, lè ní etí tó mú bí abẹ, kó má sì rí ibi tí yóò ti lò ó. Nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà fi jẹ́ ọ̀fẹ́, láti ẹni ọdún 11 dé 25, tí wọ́n sì ń fi ojú pàtàkì wo àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, àwọn ọmọbìnrin àti àwọn tí agbára òbí wọn kò gbé e.

Kí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kankan tó wà, jam session ló kọ́kọ́ wà, ní Jazz Cafe ní àdúgbò Camden. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí, torí ẹni tí kò bá mọ bí jam session ṣe ń lọ kò ní mọ bí ìyókù ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Onílù kan, ẹni tó ń ta béèsì àti ẹni tó ń tẹ dùùrù yóò wà lórí ìtàgé tí wọn kò ní kúrò. Àwọn ni ilẹ̀ tí gbogbo àwọn tó kù ń tẹ̀. Ọ̀dọ́ tó bá gbé fèrè rẹ̀ wá yóò dúró de àyè, yóò gòkè, yóò dárúkọ orin tó fẹ́ fọn àti kíì rẹ̀, ìyẹn ohùn tí orin náà fìdí lé, yóò sì ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin kí wọ́n mọ bí orin náà ṣe máa yá tó. Lẹ́yìn èyí, gbogbo wọn á jọ fọn orin náà gan-an, bí àwùjọ ṣe mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n bá parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kálukú á wá dá tirẹ̀ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí kò kọ sínú ìwé, tí òun náà kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun máa fọn. Bí ó bá kan gbogbo wọn tán, wọ́n á padà sí orin ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì jọ parí rẹ̀.

Àjèjì lè rò pé ẹni tó ń dá orin bẹ́ẹ̀ kàn ń ṣe bó ti wù ú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kíka mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń pè ní bar kan. Irú orin kan wà tí wọ́n ń pè ní blues. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ní bar méjìlá, bar kọ̀ọ̀kan ló sì ní kọ́ọ̀dù tirẹ̀, ìyẹn ohùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí atẹdùùrù ń tẹ̀ pọ̀. Bí bar méjìlá náà bá pé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí, yípo-yípo, títí orin á fi parí. Ẹni tó ń fọn fèrè gbọ́dọ̀ mọ bar tí òun wà nígbàkúùgbà, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń kà á síta fún un. Bí ó bá sọnù, etí ni yóò fi wá ọ̀nà: béèsì ló sábà máa ń ta ohùn tí kọ́ọ̀dù dúró lé lórí gẹ́lẹ́ nígbà tí bar bá bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá fi etí sí i á mọ ibi tó wà. Nígbà mìíràn, afunfèrè á fọn bar mẹ́rin, onílù á fi ìlù dá a lóhùn fún bar mẹ́rin, afunfèrè á tún gbà á. Ẹni tó bá mọ lílé àti gbígbè orin nílé wa, tó ti rí bí onídùndún ṣe ń fi ìyáàlù sọ̀rọ̀ nígbà tí omele kò yẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà, kò ní pẹ́ kó tó lóye rẹ̀.

Ẹ̀rù máa ń ba ọmọ tó bá kọ́kọ́ gun orí irú ìtàgé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù náà ń kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ tí kò sí nínú yàrá ìgbáradì. Bí ó bá ṣi ohùn kan tẹ̀, orin kò ní dúró dè é. Ó di dandan kó fi ohùn tó tẹ̀ lé e tún un ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti mọ ohun tí òun kò mọ̀, ohun náà ni yóò sì bá lọ sọ́dọ̀ olùkọ́. Ibí ni eré àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti so mọ́ra: ìtàgé ló ń bi ọmọ ní ìbéèrè, yàrá ẹ̀kọ́ ni ó ti ń wá ìdáhùn, orí ìtàgé ni yóò sì tún padà sí láti mọ̀ bóyá ìdáhùn náà tọ̀nà.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà fìdí múlẹ̀ sí Southbank Centre, létí odò Thames, ọ̀kan nínú àwọn ilé àṣà tó tóbi jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òpin ọ̀sẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù, nítorí iléèwé. Etí ni wọ́n ń kọ́ kí wọ́n tó kọ́ ojú. Olùkọ́ á fọn ohùn díẹ̀ tàbí kó fi ẹnu kọ ọ́, àwọn ọmọ á fi ẹnu gbà á, wọ́n á tún un kọ títí yóò fi wọ̀ wọ́n lára, kí wọ́n tó wá a lórí fèrè tàbí dùùrù. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí ọmọ kò bá lè fi ẹnu kọ, kò tíì gbọ́ ọ dáadáa. Ilé àwọn ọmọ Àyàn kò kọ ìwé orin kankan sílẹ̀, síbẹ̀ ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ lórí omele, tó ń gbọ́ ìyáàlù bàbá rẹ̀ lójoojúmọ́, ti kó oríkì ìdílé méjì mẹ́ta sórí kí wọ́n tó gbé ìlù ńlá lé e lọ́wọ́. Jáàsì náà bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ìwé ń bọ̀ lẹ́yìn, torí ọmọ tó bá fẹ́ jẹun nínú iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ lè ka orin tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀. Àmọ́ ìwé jáàsì kì í kọ ohun gbogbo. Orin náà àti orúkọ àwọn kọ́ọ̀dù rẹ̀ ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Olórin ni yóò fi ìyókù kún un.

Ta wá ni olùkọ́? Àwọn ará Tomorrow's Warriors ní ọ̀rọ̀ kan tó ti pẹ́ lẹ́nu àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, tó túmọ̀ sí pé kí ẹni tó bá mọ̀ kọ́ ẹnì kan. Wọ́n mú un ní òótọ́. Ọmọ tó wọlé lánàá tí kò mọ kọ́ọ̀dù kan, bí ó bá ti lè tẹ mẹ́ta, òun ni yóò jókòó ti ẹni tó wọlé lónìí. Àwọn tó ti jáde, tí wọ́n ti di gbajúmọ̀, máa ń padà wá. Soweto Kinch, Denys Baptiste, Shabaka Hutchings, Moses Boyd, Nubya Garcia, Theon Cross, gbogbo wọn ló gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀nà yìí dín owó olùkọ́ kù, àmọ́ èrè rẹ̀ ju owó lọ: ọmọ ọdún mẹ́rìnlá máa ń gbà pé òun lè ṣe é nígbà tó bá rí ẹni tó fi ọdún mẹ́fà péré jù ú lọ tó ń ṣe é níwájú rẹ̀, tí irun wọn jọra, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì jọra.

Ti àwọn ọmọbìnrin gba ọgbọ́n tirẹ̀. Láti ìgbà tí jáàsì ti wà, orin kíkọ ni wọ́n sábà máa ń fi obìnrin sí, ọkùnrin ló ń di fèrè àti ìlù mú. Nínú jam session tó kún fún ọkùnrin, ọmọbìnrin tó mọ̀ ọ́n ṣe lè fà sẹ́yìn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ya àyè kan sọ́tọ̀ tí àwọn obìnrin fi lè jọ ṣeré, kí ọkàn wọn kọ́kọ́ balẹ̀ kí wọ́n tó bọ́ sí agbo ńlá. Láti inú àyè yẹn ni Nérija ti jáde, ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé obìnrin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nubya Garcia wà níbẹ̀ pẹ̀lú sasofóònù, Cassie Kinoshi pẹ̀lú sasofóònù, Sheila Maurice-Grey pẹ̀lú trọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Maurice-Grey yìí náà ló ń darí Kokoroko, ẹgbẹ́ tí orin wọn ń run Afrobeat láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Etí Yorùbá lè gbọ́ orúkọ yẹn bí igbe àkùkọ, àmọ́ èdè Urhobo ni wọ́n ti mú un, ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí ènìyàn le koko.

Eré náà ní ìpele. Ìpele àkọ́kọ́ ni eré ọ̀fẹ́ nínú gbọ̀ngàn tó ṣí sílẹ̀, tí ẹni tó bá ń kọjá lọ lè dúró wò. Irú ibẹ̀ dára fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, nítorí kò sẹ́ni tó sanwó wọlé tó lè máa ráhùn. Àwọn òbí á wà níbẹ̀, àwọn àbúrò á máa sáré kiri, àwọn tó wá mu tíì á sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà bí orin bá wọ̀ wọ́n lára. Ìpele kejì ni kí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ náà ṣeré ṣáájú ẹgbẹ́ àwọn àgbà. Lẹ́yìn náà ni eré tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ní òkè pátápátá, Nu Civilisation Orchestra wà, ẹgbẹ́ ńlá tí àwọn tó ti gbọ́n nínú iṣẹ́ náà ń ṣeré nínú rẹ̀.

Nǹkan kéékèèké pọ̀ tí ọmọ ń kọ́ níbi eré. Yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ojú bá ara wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí orin bá fẹ́ parí. Yóò kọ́ láti fà sẹ́yìn kúrò níwájú nígbà tó bá kan ẹlòmíràn, kó sì dín ohùn rẹ̀ kù kí ti ẹni náà lè ròkè. Yóò kọ́ láti gba gbohùngbohùn, kó dárúkọ àwọn tí wọ́n jọ ṣeré lọ́kọ̀ọ̀kan láìgbàgbé ẹnì kan, torí ẹni tí wọ́n bá gbàgbé á gbé e sọ́kàn relé. Àwùjọ náà ń ṣiṣẹ́ tiwọn: ìyá tó mú ọmọ kan wá wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè ti forúkọ èyí àbúrò sílẹ̀ kí oṣù tó parí.

Ọ̀fẹ́ tí à ń wí yìí, ẹlòmíràn ló ń san án. Owó ń wọlé láti ọ̀dọ̀ Arts Council England, àjọ tó ń pín owó ìjọba fún iṣẹ́ àṣà, láti ọwọ́ àwọn tó ń dáwó, àti láti inú eré tí wọ́n bá ṣe. Ẹsẹ̀ tí kò lágbára jù nínú ètò náà nìyí. Bí ìjọba bá dín owó àṣà kù, owó olùkọ́ ló kọ́kọ́ ń fara gbá a. Ní ti iyì, wọ́n rí i: Crosby gba Queen's Medal for Music ti ọdún 2018, òun sì ni olórin jáàsì àkọ́kọ́ tí wọ́n fún.

Lọ́ńdọ̀nù kọ́ ló dá ọgbọ́n yìí. Ní Harlem, ní New York, atẹdùùrù Billy Taylor wà lára àwọn tó dá Jazzmobile sílẹ̀ ní 1964. Ọkọ̀ ni wọ́n sọ di ìtàgé, wọ́n ń gbé jáàsì wọ inú àdúgbò ní ọ̀fẹ́. Ní 1969, wọ́n fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ Sátidé kún un, tí àwọn ògbólógbòó olórin ń kọ́ ọmọ àdúgbò. Ní Harlem yẹn kan náà, Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, ní ilé tirẹ̀ lójú òpópónà 125th Street, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìlù, ijó àti èdè ilẹ̀ Áfíríkà. Ilé náà ni John Coltrane ti ṣe ọ̀kan nínú àwọn eré ìkẹyìn rẹ̀, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 1967, kó tó kú ní oṣù Keje.

Ní agbègbè Badagry náà, ní Ìlógbò, olóògbé Peter King tó máa ń fọn sasofóònù, tó ti kọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù, dá iléèwé orin sílẹ̀ nígbà tó padà wálé. Ẹni tó bá gbọ́ gìtá tí akọrin Àṣá ń ta lónìí, iléèwé Peter King ló ti lọ kọ́ ọ.